Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Mi Rán Mi sí Ọnọ́rébù

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni bàbá mi jáde du ipò, kò wọlé lẹ́ẹ̀kan rí. Síbẹ̀, láti Ẹnu Ọ̀wá títí dé Olówógbowó, Ọnọ́rébù ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan lémọ́ọ̀mù mọ́ṣáláṣí wa. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn ti pè é títí, wọ́n ti gbàgbé pé yẹ̀yẹ́ ni. Òun náà á dáhùn, á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Kó tó di Ọnọ́rébù, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ilé dé ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó ka mítà omi, kó kọ iye tó bá rí sínú ìwé. Ó mọ ibi tí páìpù gbogbo ilé gbà wọlé. Bí èèyàn bá dárúkọ ilé kan fún un, kì í sọ ẹni tó ni ín. Ohun tó máa sọ ni pé, "Páìpù ibẹ̀ gba abẹ́ àtẹ̀gùn, ó wá yà sọ́wọ́ òsì." Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó wá dáwọ́ dúró pátápátá. Bàbá mi ṣì ń lọ ka mítà tí kò yí mọ́. Iye kan náà ló ń kọ sílẹ̀ ní ilé kan náà, lóṣooṣù, títí tí wọ́n fi ní kó máa lọ sinmi.

Ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì, ó pe èmi àti ìyá mi sí pálọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kó lọ sí Ìkòròdú nígbà yẹn, èmi nìkan ni mo ṣẹ́ kù sílé. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Bàbá mi gbé àpòòwé ńlá kan sórí tábìlì.

"Mo fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀," ló wí.

"Kánsẹ́lọ̀ ibo?" ni ìyá mi bi í.

"Ti wọ́ọ̀dù wa níbí."

"Ta ló ní kí ẹ wá?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n wá. Omi ni."

Ìyá mi wò mí, èmi náà wò ó. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Gbogbo ìjíròrò tó wáyé nílé wa lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bí àwọn yòókù ṣe ń polongo kọ́ ni bàbá mi ń ṣe tirẹ̀. Kì í wọ agbádá. Kakí tó ń wọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń lọ̀, á gún bí abẹ, á sì mú sípánà kan dání. Tó bá wọ agboolé kan, á kí wọn tán, á ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ omi wọn han òun. Á kúnlẹ̀ tì í, á tú orí rẹ̀, á yọjú wo inú, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì dè é padà. Lẹ́yìn náà á dìde, á nu orúnkún, á ní, "Ẹ̀rọ yín ò lábùkù. Nǹkan kan ò ṣe é. Omi ni kò sí. Ẹ dìbò fún mi, kí n lọ bá wa wá a." Ó parí. Kò jẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọnọ́rébù, kí lẹ wá mú bọ̀ fún wa?" Ó na sípánà sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ní agboolé yẹn.

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò gbà á. Ẹgbẹ́ kéékèèké, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí ọ́fíìsì wọn wà, ni wọ́n ń fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ọdún yìí ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ òòyà, ìgbà mìíràn á jẹ́ àkàbà. Fọ́tò kan náà ló wà lórí gbogbo pósítà rẹ̀, èyí tó yà nínú kakí lọ́dún tó fẹ̀yìn tì. Àmì ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò nìkan ló ń yí padà. Ó du kánsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó du alága káńsù, lẹ́yìn náà ló kọjú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Bí ìbò rẹ̀ ṣe ń dín kù ni ipò tó ń dù ń ga sí i.

Èmi lọ sílé ọkọ láàárín ìgbà náà, mo sì padà. Kì í ṣe ẹjọ́ bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí àwọn àna wa wá láti Ìjẹ̀bú láti mọ ilé, ó kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé lọ wo páìpù. Mo padà sí yàrá mi àtijọ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú ọjà, mo ń ta híjáàbù àti jàlábíà. Àwọn oníbàárà mi mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Tí ìbò bá ti ń bọ̀, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé wọ́n tún ń jáde lọ́dún yìí?" Màá ní wọ́n ń jáde. Mi ò bínú, inú mi ò sì dùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú máa ń tì mí, nígbà tó yá ojú ò tì mí mọ́, nǹkan kan ò sì wá rọ́pò ìtìjú náà.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin tó jáde ni mo fẹ́ sọ ní kíkún.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, aránṣọ tó wà lọ́wọ́ iwájú ilé wa, ló máa ń bá a ṣe ejẹ́ńtì nídìí àpótí ìbò. Ọ̀rẹ́ náà kú lọ́dún yẹn, bàbá mi sì ní kí èmi bá òun ṣe é. Mo gbà. Wọ́n fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn. Iwájú ilé kéú tó wà létí ilé wa ni ibùdó ìdìbò wa, mo sì ti jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹja ni àmì ẹgbẹ́ bàbá mi lọ́dún náà. Ẹni tí ẹgbẹ́ ńlá fà kalẹ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò wa gan-an, ọmọ tí gbogbo wa mọ ìyá rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo gba ìwé ìbò, mo wọ ẹ̀yìn páálí tí wọ́n fi bo ibi ìtẹ̀ka. Mo rí ẹja. Mo mú ìka mi tó ti dúdú fún yíǹkì, mo gbé e kọjá lórí ẹja, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí àmì ẹgbẹ́ ńlá. Ẹnikẹ́ni ò rán mi, ẹnikẹ́ni ò sì fún mi ní nǹkan kan. Ohun tí mo ń rò ni pé bí wọ́n bá lù ú bolẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan yìí, á jókòó. Mo sì tún rò pé ìbò ẹnì kan kì í hàn. Ìyá mi á tẹ̀ ẹ́ fún un, òun náà á tẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀, àwọn méje mẹ́jọ tó máa ń tẹ̀ ẹ́ fún un á tún tẹ̀ ẹ́. Mo ká ìwé, mo sọ ọ́ sínú àpótí, mo padà sáyè mi.

Ìyá mi dìbò ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bàbá mi dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn páálí náà débi pé agùnbánirọ̀ tó ń bójú tó ìbò wa, ọmọbìnrin kan tó ti ìlú òkè wá, ní láti pè é. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èrò wà lẹ́yìn." Ó jáde, ó ń fi nǹkan bọ àpò kakí rẹ̀, ó sì sọ ìwé rẹ̀ sínú àpótí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kà á, wọ́n da gbogbo ìwé sórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò ń bá a ka nọ́ńbà. Mo ń wo ẹja. Kò jáde. Ẹgbẹ́ ńlá ń jáde, ẹgbẹ́ kejì ń jáde, àkàbà jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹja ò jáde. Ó wá ku díẹ̀ kó tán, ọmọbìnrin náà gbé ìwé kan, ó dúró.

"Èyí ti bàjẹ́," ló wí.

"Kí ló ṣe é?" ni ejẹ́ńtì ẹgbẹ́ kejì bi í.

Ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i. Ìka wà lórí ẹja dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, wọ́n ti fi báírò kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọwọ́ ìkọ̀wé gbọọrọ gbọọrọ bíi ti ìwé ọ́fíìsì: *Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìbò, ẹ dákun, ẹ bá wa dá omi padà.* Ọmọbìnrin náà ní òfin ò gba kí wọ́n kọ nǹkan sí ìwé ìbò tó lè jẹ́ kí èèyàn mọ ẹni tó dì í. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tó dì í. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà níwájú rí bàbá mi tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀rín náà sì dínkù.

"Ejẹ́ńtì ẹlẹ́ja," ọmọbìnrin náà wò mí, "ṣé ẹ gbà pé ó bàjẹ́?"

"Mo gbà," ni mo wí.

Òdo ni wọ́n kọ síwájú ẹja. Mo buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri ilé kéú, bàbá mi gbé awò ojú rẹ̀ sójú, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo ìlà kan. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

"Ṣé ẹ ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ní gbogbo ìgbà ni. Mo rò pé ẹni tó bá ń kà á máa rí i."

A rìn lọ sílé. Ó ń kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà. Mo ń bá a rìn, mo sì ń retí kí nǹkan kan ṣe mí láyà, lójú, níkùn, níbikíbi. Nǹkan kan ò ṣe mí.

Ìyá mi ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bàbá mi fọ ọwọ́, ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó ní, "Òdo ni."

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí ife. "Òdo báwo?"

"Òdo. Tèmi bàjẹ́, mo kọ̀wé sí i. Ẹlòmíràn ò sí."

Ìyá mi yíjú, ó wò mí. Mo rò pé ó ti mọ̀. Mo mú abọ́ ọbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ bù sí i, mo wọ kíṣìnnì, mo dúró síbẹ̀ títí mo fi gbọ́ pé bàbá mi ti dìde. Kò bi ìyá mi. Kò bi mí. Títí ó fi kú, kò bi ẹnì kankan nínú wa pé ta la dìbò fún.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá mi kó lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Olówógbowó. Ó ní orúnkún òun kò gba àtẹ̀gùn ilé wa mọ́. Wọn ò jà. Bàbá mi bá a gbé àpò kan dé títì, ó sì dúró títí kẹ̀kẹ́ tó gbé e fi lọ.

Mo lọ kí i lẹ́yìn oṣù kan. Ó ń gbé ní yàrá ìsàlẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ fèrèsé. Ó gbé búrẹ́dì àti tíì kalẹ̀ fún mi, ó jókòó, ó wá ní, "Ẹja ni, àbí?"

"Kí ló jẹ́ ẹja, Màámi?"

"Àmì tọdún yìí."

"Ẹja ni."

"Àkàbà ni mo tẹ̀."

Mo rántí àkàbà kan ṣoṣo tó jáde lórí tábìlì ọjọ́ náà.

"Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kàwé," ló wí. "Fọ́tò yẹn ò yí padà rí. Àkàbà ni mo há sórí láti ìgbà tó kọjá. Mo débẹ̀, mo rí àkàbà, mo tẹ̀ ẹ́. Kódà inú mi dùn pé mo tètè rí i. Ìgbà tó ní òdo ni, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ń bá a gbé láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge, mi ò mọ àmì ẹgbẹ́ rẹ̀? Pé gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ ẹja nínú ilé, mi ò gbọ́?" Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá èérún búrẹ́dì jọ lórí tábìlì. "Bó bá bi mí ni, ǹ bá ti sọ ọ́. Kò bi mí. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ìyá oníyàá. Mi ò lè máa jẹun níwájú ojú yẹn."

Ó wá ní, "Bá mi sọ fún un. Lẹ́nu tìẹ ó máa gbà á gbọ́. Sọ fún un pé àṣìṣe ni."

Mo ní màá sọ.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà láti Olówógbowó. Ọ̀nà náà kò jìnnà, mo sì rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo rò nínú ìrìn náà kò ṣòro. Bàbá mi jẹ́ ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ka nọ́ńbà. Bí mo bá sọ fún un pé ìyá mi ṣi àmì tẹ̀, ó máa ṣírò rẹ̀. Tirẹ̀ bàjẹ́, ti ìyá mi ṣìnà. Nínú ilé tirẹ̀, ó ku ìbò kan. Níwọ̀n ìgbà tí kò mọ ti ìyá mi, àwa méjèèjì la jọ wà nínú rẹ̀.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, ó ń fi òróró nu sípánà.

"Ṣé àlàáfíà ni ìyá ẹ wà?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Wọn ò sọ nǹkan mìíràn."

Ó mi orí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wọlé, mo bọ́ híjáàbù mi, mo gbé omi kaná.

Ìgbà tí mo tún lọ kí ìyá mi, kò jẹ́ kí n jókòó kó tó bi mí. "Ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ."

"Kí ló ní?"

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

"Òun náà nìyẹn," ló wí. "Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀." Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó se ìrẹsì fún mi lọ́jọ́ náà, ó sì di ti bàbá mi sínú kúlà. Bàbá mi jẹ ẹ́, ó ní ọbẹ̀ náà dùn, ó ní kí n bá òun dúpẹ́. Mo jíṣẹ́ ìyẹn.

Báyìí ni wọ́n ṣe wà fún ọdún bíi mélòó kan. Oúnjẹ ń lọ, kúlà òfìfo ń padà, èmi ni mo ń gbé e. Ìyá mi yí ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò rẹ̀ padà sí Olówógbowó. Bàbá mi tún jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìbò ìgbà karùn-ún yẹn, ó bi mí pé, "Ṣé kí n má kọ nǹkan sí i?"

"Ẹ má kọ ọ́ sí i, Bàbá."

Méjì ni wọ́n kọ síwájú àmì rẹ̀ lọ́jọ́ náà ní ibùdó wa. Ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan tèmi. Ó ka ìwé ara ògiri náà tán, ó sì fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ó ṣeun," ló wí. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹfà kò dé ọjọ́ ìbò. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá sílé wa láti ẹgbẹ́ ńlá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó ju ipò náà sílẹ̀ fún ọmọ tí ẹgbẹ́ wọn fà kalẹ̀. Wọ́n ní bó bá gbà, àwọn máa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan síwájú ilé kéú. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ó gbà.

Ní pápá ìṣeré Oníkàn ni wọ́n ti ṣe àpéjọ náà. Èmi jókòó sáàárín èrò. Wọ́n fi bàbá mi sórí àga ní ìlà iwájú lórí pèpéle, wọ́n fún un ní fìlà ẹgbẹ́, ó sì dé e sórí kakí rẹ̀. Ẹni tó ń darí ètò pè é ní Ọnọ́rébù, gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Ó gba máíkì, ó yọ ìwé kan nínú àpò, ó ní, "Páìpù tó gbé omi wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo mọ ibi tó gbà. Bí a bá ti ọ̀nà..." Orin bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n dìídì ṣe é, mo rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn ló ń wọlé bọ̀ lọ́wọ́ kejì pápá, gbogbo èèyàn ti dìde. Bàbá mi ń ka ìwé rẹ̀ lọ. Mo ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Nígbà tó kà á tán, ó ká ìwé, ó dá máíkì padà fún ẹni tó ni ín, ó jókòó.

Wọ́n gbẹ́ kànga náà lóòótọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, bàbá mi ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó bù ú sọ́wọ́, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́.

"Iyọ̀," ló wí.

Òkun kò jìnnà sí wa, wọn ò sì gbẹ́ ẹ jìn. Àwọn èèyàn ń fi omi náà fọ ilẹ̀. Mẹ́ruwà tó ń ta omi fún wa ṣì ń ti ọmọlanke rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa láràárọ̀.

Rọpárọsẹ̀ ló dá bàbá mi dúbúlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀rọ̀ náà sì lọ. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ó dé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àpò rẹ̀ méjèèjì, ó gun àtẹ̀gùn láìsọ̀rọ̀ orúnkún. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Mo rò pé inú wọn dùn, dé ìwọ̀n tí inú aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè dùn dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń gbé àwo bọ̀, mo gbọ́ tí ìyá mi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Bàbá wọn," ló ń wí, "ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àkàbà yẹn. Ọmọ yín jíṣẹ́ fún yín, ó sì sọ fún mi pé ẹ ti gbọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ ò mú un sínú. Mo dúpẹ́ pé ẹ dárí jì mí."

Bàbá mi wò ó. Mo rí i pé kò mọ ohun tó ń sọ. Ìyá mi kò rí i, torí ó ti tẹrí ba, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. Bàbá mi wo ojú ìyá mi, ó wo àjà, ó ń ṣírò. Ó wá yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bá mi lẹ́nu ọ̀nà. A wo ara wa. Ó ṣí ẹnu, ohùn kan jáde, ohùn tó gùn, tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

"Kí lẹ fẹ́?" ìyá mi gbé orí sókè. "Kí ló ń sọ?"

"Omi ni wọ́n fẹ́ mu," ni mo wí.

Mo wọlé, mo gbé orí rẹ̀ sórí apá mi, mo gbé ife sí i lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ò kúrò lójú mi. Ó mu ún. Ó mu gbogbo rẹ̀ tán. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo kó àwo, mo jáde.

Ó lo oṣù méjì sí i lẹ́yìn ìyẹn. Lójoojúmọ́ ni mo ń wọ yàrá rẹ̀, kò sì tún pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn tí mo bá ń yí i padà, á fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọwọ́ aṣọ mi mú. Bóyá ó fẹ́ bi mí ni, bóyá ó fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan, bóyá ọwọ́ náà kàn ń wá ohun tó máa dì mú. Mo máa ń rọra tú u.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló kú, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn olóṣèlú wá. Ọ̀kan nínú wọn gba ọ̀rọ̀, ó ní akọni ni, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo ń pín sàráà fún àwọn obìnrin nínú pálọ̀. Ìyá mi jókòó láàárín wọn nínú aṣọ opó, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Èmi àti ẹ̀ kò ní nǹkan kan nílẹ̀," ló ń sọ fún wọn. "Mo ṣẹ̀ ẹ́ nígbà kan, mo rán ọmọ yìí sí i, ó sì dárí jì mí. Ó dárí jì mí kó tó lọ."

"Àlùhámúdùlílàhì," ni àwọn obìnrin náà dáhùn.

Mo gbé àtẹ kọjá síwájú ẹni tó kàn.

Ìyá mi kò padà sí Olówógbowó. Ó wà pẹ̀lú mi ní Ẹnu Ọ̀wá, ara rẹ̀ le. Mo máa ń lọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo máa ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ṣì ń yà wá kí i, ó sì máa ń sọ ìtàn náà fún wọn. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà tí mi ò lè kà. Ó ti ń gùn sí i. Ní báyìí, ó ti sọ pé nígbà tí mo jíṣẹ́ náà fún bàbá mi, ṣe ló rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ìyá yín mà ni." Ó ti sọ pé ó gbàdúrà fún òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ ọ́ fún obìnrin kan tó wá láti Ọ̀yọ́, tó ń ta aṣọ nítòsí mi. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rín náà, ó yíjú sí mi.

"Àbí kò rí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí.